Ẹ̀rọ Orí Òkè Kò Ní Ọ̀rọ̀ Tirẹ̀

Ẹ máa rẹ́rìn-ín, mo ti gbọ́ yín. Ẹ ní bí fóònù bá ti bọ́ sí bàbá lọ́wọ́, kò ní kí ènìyàn, kò ní béèrè ọ̀nà, kò ní béèrè iṣẹ́, “Ṣé o ti jẹun?” ni yóò kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Èyí àgbà nínú yín tiẹ̀ ń sín mi jẹ, ó ń gbọ̀n ohùn bíi tèmi. Mi ò bínú. Ọmọ tí kò bá sín bàbá rẹ̀ àgbà jẹ, ta ló fẹ́ sín jẹ? Ṣùgbọ́n kì í ṣe oúnjẹ ni mò ń béèrè. Bí ìyá yín Rẹ̀mí bá wà nílé ni, òun náà ì bá ti sọ fún yín. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn, ẹ jókòó.

Ẹ wo òkè iwájú wa ní Adó yìí. Àwọn òpó irin tí ẹ̀ ń rí lórí rẹ̀, ti fóònù ni gbogbo wọn, wọ́n pọ̀ bí igi ìṣáná nínú páálí. Nígbà tèmi, òpó kan péré ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ilé kékeré kan tí wọ́n fi páànù kàn lórí, èmi ni mo sì ń ṣọ́ ọ. Nígbà náà, àwọn ológun ti ń múra àtigbé ìjọba fún alágbádá, gbogbo ènìyàn ló sì fẹ́ máa gbọ́ rédíò. Ìṣòro wa ni pé Èkìtì kò rọrùn fún rédíò. Ilé rédíò àgbà wà lọ́nà jíjìn. Ohùn rẹ̀ á gbéra dáadáa láti ibẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti kan òkè, ó parí nìyẹn. Ewúrẹ́ ló ń gun òkè, ohùn rédíò kì í gùn ún. Ẹni tó bá ń gbé lẹ́yìn òkè, bí ìgbà tí wọ́n ń dín àkàrà ló máa ń gbọ́ láti àárọ̀ títí di alẹ́.

Ojú wa rí nǹkan nítorí rédíò. Ọkùnrin kan wà ní Òkè-Ìlá tó so wáyà rédíò rẹ̀ mọ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sápá kan, ìròyìn á lọ, yóò sì rán ìyàwó rẹ̀ pé kó lọ di igi mú. Bátìrì ńkọ́? Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, a ó tú u jáde, a ó sá a sóòrùn pẹ̀lú ata àti ilá, bó bá di ìrọ̀lẹ́, ó máa ń sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi iná gba agbára sí fóònù, tí ẹ sì ń ráhùn, ẹ kò mọ ohun tó ń jẹ́ kí ènìyàn máa wo ojú ọ̀run nítorí bátìrì.

Nígbà tí wọ́n wá gbé ẹ̀rọ àtagbà dé orí òkè, ayọ̀ ńlá ni. Iṣẹ́ rẹ̀ kò le láti lóye. Ó ní etí kan tó kọjú sí ibi tí ohùn ilé rédíò àgbà ti ń bọ̀. Ẹ̀rọ inú ilé á gba ohùn náà, á fún un lágbára tuntun, ẹnu tó kọjú sí ẹ̀yìn òkè á sì jù ú síta, ó di Igbemọ, ó di abúlé àti abà gbogbo tó wà níbẹ̀. Etí àti ẹnu ló ní. Kò ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí ilé rédíò àgbà bá kọrin, òun náà á kọrin. Bí wọ́n bá dákẹ́, òun náà á dákẹ́. Kò sí ohun tí mo lè sọ sínú rẹ̀, nítorí kò sí ibi tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ sí.

Ta ló gbà fún mi? Àwọn ará ìlú rí i pé láti orí òkè ni ohùn ti ń bọ̀, wọ́n bá gbà pé èmi ni mò ń sọ ọ́. Ìyá kan tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù gun òkè wá láti Ọjà Ọba, ó sì sọ àwọ̀ ewúrẹ́ náà tinú tẹ̀yìn fún òpó irin, ó kígbe sí i gan-an. Bàbá kan gbé àkùkọ wá fún mi kí n lè bá òun kí àna òun ní Igbemọ. Mo ní, “Bàbá, ẹ̀rọ yìí kò ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀.” Ó wò mí, ó ní, “Ṣé àkùkọ náà kéré ni?” Mo bínú títí, mo tún rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí èmi náà yóò dúró níwájú ẹ̀rọ kan náà, tí n ó máa bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìkéde kí ẹ tó gbọ́ ìyókù. Lọ́sàn-án, wọ́n máa ń ka ìkéde lórí rédíò. Ẹni tó ń wá ọmọ, ẹni tó ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wálé, ẹni tó ń sin òkú, gbogbo wọn ló máa ń gbé e lọ sí ilé rédíò. Bí àkókò náà bá tó, ọjà á rọlẹ̀, ẹni tó ń nájà á fi owó sọ́wọ́ dúró. Ó sì ní àṣà kan tí kò sẹ́ni tó kọ́ wa: bí o bá gbọ́ orúkọ ẹni tí o mọ̀, tàbí orúkọ ìlú rẹ lásán, o ó gbéra ni, o ó gbé e dé agboolé ẹni náà. Rédíò kò ní ẹsẹ̀, àwa la jẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Èèyàn á fi oko sílẹ̀, á fi aṣọ tó ń fọ̀ sílẹ̀, á sáré lọ sọ ọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò bá a tan. Lónìí, ẹ̀yin á rí i lójú fóònù, ẹ ó fi ìka tì í kọjá.

Ohun kejì tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nìyí. Nílẹ̀ wa, a kì í fi òkú ránṣẹ́ sí ènìyàn ní gbangba. Bí ẹni rẹ bá kú, tí o sì wà lókèèrè, wọn ó ní, “Ara lágbájá kò yá, máa bọ̀ nílé.” Ìwọ náà á ti mọ̀. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odidi. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é lórí rédíò náà. Bí a bá ti gbọ́ “ara rẹ̀ kò yá” nínú ìkéde, obìnrin á tú gèlè, wọn ó gbé igi ìdáná wọlé de àlejò ìsìnkú.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ìyá yín àgbà, Fẹlíṣíà mi, bí ìyá yín ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ilé ìwòsàn ní Adó. Ọmọ ké, a yọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára rẹ̀ tí kò dáwọ́ dúró. Bó ṣe rí nígbà ìbí Kọ́lá, ẹ̀gbọ́n ìyá yín, náà nìyẹn. Lọ́jọ́ Kọ́lá, Jùlíọ̀sì, ẹ̀gbọ́n Fẹlíṣíà, ló fún un ní ẹ̀jẹ̀ tó fi yè. Dókítà pè mí síta. Ó ní, “Kí ilẹ̀ tó ṣú, a gbọ́dọ̀ rí ẹ̀jẹ̀ tó bá tirẹ̀ mu.” Mo na apá mi fún un. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò bá a mu. Ẹ kò lè mọ bí ó ti ń rí lára ọkùnrin, pé ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn lára òun kò wúlò fún aya òun. Wọ́n ní, “Ẹni tó fún un nígbà yẹn dà?”

Jùlíọ̀sì dà lóòótọ́? Kòkó ni Jùlíọ̀sì ń rà, láti abà dé abà lẹ́yìn òkè, kò sí ẹni tó lè sọ pé ibi báyìí ló sùn. Bí n bá gun alùpùpù tẹ̀ lé e, oko wo ni n ó kọ́kọ́ yà? Rédíò nìkan ló lè wá a níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Awakọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ wa ń gbé èrò lọ sí ìlú tí ilé rédíò àgbà wà. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní, “Sọ fún wọn pé: Jùlíọ̀sì, ọmọ Yèyé, ní Igbemọ, wá sí ilé ìwòsàn ní Adó lónìí, wá fún Fẹlíṣíà àbúrò rẹ ní ẹ̀jẹ̀ bíi tìjọ́sí, ó ṣì wà láàyè.” Mo mú kó tún un sọ fún mi. Ó tún un sọ, kò fò kankan, ó sì ta ẹsẹ̀ mọ́ ọkọ̀.

Bí mo ṣe yíjú, mo rántí ẹ̀rọ. Òjò àárọ̀ náà ti mú iná ìjọba lọ. Bí ẹ̀rọ orí òkè bá dákẹ́ lọ́sàn-án, gbogbo ẹ̀yìn òkè á dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, ìkéde tí mo rán á sì dà sílẹ̀ lórí àpáta. Ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́ ti lọ síbi ìsìnkú ní ìlú ìyá rẹ̀. Mo wọlé lọ bá Fẹlíṣíà. Ètè rẹ̀ ti funfun. Ó ní, “Ibo lò ń lọ?” Mo ní, “Mò ń lọ pe Jùlíọ̀sì fún ọ.” Ó ní, “Má pẹ́ o.” Mo jáde, mo sì ń bẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn láàárín wa nìyẹn.

Mo sáré gun òkè náà bí ẹni tí oyin ń lé. Nígbà tí mo fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀, ó kọ̀. Mo tún fa okùn rẹ̀, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Omi òjò ti bá epo rẹ̀ lò pọ̀. Mo tú epo dànù, mo nu gbogbo páìpù rẹ̀, mo da òmíràn sí i, epo ń dà sí mi lẹ́sẹ̀. Mo ń gbọ́ aago ṣọ́ọ̀ṣì nísàlẹ̀, ọ̀sán ti pọ́n. Mo gbàdúrà, mo ṣépè, àwọn méjèèjì jáde lẹ́nu mi pọ̀, Ọlọ́run á ti dárí jì mí. Ní ìgbà tí mo tún fa okùn rẹ̀, ó gbà. Ilé kékeré náà mì, iná pupa tàn lójú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń gbóná díẹ̀díẹ̀, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Orin ni wọ́n ń kọ lọ́wọ́. Ìkéde kò tíì bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún.

Ìkéde bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ka ti ẹnì kan, wọ́n ka ti ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ: “Jùlíọ̀sì, ọmọ Yèyé, ní Igbemọ, níbikíbi tí ó bá wà, kí ó máa bọ̀ ní Adó kíákíá. Ara àbúrò rẹ̀, Fẹlíṣíà, kò yá.”

Ó tán. Wọ́n fi orin ìsìn tó ń rọra lọ tẹ̀ lé e.

Awakọ̀ kò yí ọ̀rọ̀ mi padà, mo wádìí rẹ̀ nígbà tó yá. Ẹnì kan ní ilé rédíò ló gbọ́ “ẹ̀jẹ̀”, ó gbọ́ “ó ṣì wà láàyè”, ó wò ó pé irú èyí kò dára lẹ́nu nígbà tí àwọn ènìyàn ń jẹun ọ̀sán, ó bá tún un ṣe bí ọmọlúàbí ti í ṣe é. Kò fi ìkà ṣe é. Ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀ ló fẹ́ pa ìyàwó mi.

Mo fo dìde. Mo kígbe sí ẹ̀rọ náà pé, “Kò kú! Kò kú o! Ẹ sọ fún wọn!” Orin ló ń kọ ní tirẹ̀. Mo rántí ìyá eléwúrẹ́. Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Igbemọ ní ìṣẹ́jú yẹn bí ẹni pé mo wà níbẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ti ń sáré lọ sí agboolé Yèyé. Wọ́n ti ń tú gèlè. Kò sì sí ẹni tí yóò sáré lọ pe Jùlíọ̀sì, nítorí wọn kì í sáré sọ òkú fún ènìyàn. Wọn ó jẹ́ kó jẹun alẹ́ ná, wọn ó jẹ́ kó sùn, àwọn àgbà méjì á lọ bá a láàárọ̀, wọn ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó jìnnà. Láàárọ̀! Òkú kì í sá, ṣùgbọ́n alààyè ni Fẹlíṣíà, ilẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ṣú.

Mo fi ẹ̀rọ sílẹ̀ níbẹ̀, mo yá alùpùpù, ó di ọ̀nà Igbemọ. Ọ̀nà ìgbà náà kò ní ọ̀dà, ẹrẹ̀ ni. Odò kan kún bo afárá onígi, mo sọ̀kalẹ̀, mo wọ́ alùpùpù náà kọjá nínú omi. Nígbà tí mo fi dé agboolé Yèyé, ẹrẹ̀ ti bò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ojú mi pọ́n. Mo sì gbọ́ ẹkún láti ìta.

Yèyé ni ìyá tó bí ìyá yín àgbà. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín agbo ilé, ó na ẹsẹ̀, kò sunkún, ó kàn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Àwọn obìnrin yí i ká, wọ́n ká ọwọ́ lérí. Iyán tí wọ́n ń gún nígbà tí ìkéde dé wà nínú odó, ọmọrí odó ṣì dúró nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe fojú kàn mí, igbe ta. Ọkọ fúnra rẹ̀ ló wá! Ẹ̀rí wo ni wọ́n tún ń wá?

Mo ní, “Ẹ dákẹ́! Fẹlíṣíà kò kú! Ara rẹ̀ ni kò yá!”

Ẹkún le sí i.

Olórí ilé, ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ Yèyé, bàbá tó ń rọra sọ̀rọ̀, fà mí lọ́wọ́. Ó ní, “A ti gbọ́, ọmọ mi. Ara rẹ̀ ni kò yá. Pẹ̀lẹ́. Jókòó.”

“Bàbá, mo ní kò kú! Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbà lára Jùlíọ̀sì! Ibo ló wà?”

“Jùlíọ̀sì wà ní abà lápá òkè odò. Ará ibẹ̀ kan tó gbé ìkéde wá ló sọ fún wa. Ṣùgbọ́n a ti ní kí wọ́n má tíì sọ fún un. Kó fi ọkàn balẹ̀ jẹun. Láàárọ̀ a ó rán ènìyàn.”

“Láàárọ̀ á ti kú!”

Ó mi orí. Ó ní, “Háà, ọmọ mi. Ìrora pọ̀ lọ́kàn rẹ.”

Mo fi Bíbélì búra, mo fi àgbélébùú ọrùn mi búra. Ó ní ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, kò sí ohun tí kì í fi búra. Ẹ ò rí i bí? Gbogbo ohun tí olùgbé-ọ̀rọ̀-òkú máa ń sọ ni mò ń sọ. Òun náà á ní kò kú. Òun náà á ní ara rẹ̀ ni kò yá. Bí mo ṣe ń sọ òtítọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń káàánú mi tó, wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ tèmi gan-an tù mí nínú. Oòrùn ti ń yí. Ojú mi ṣókùnkùn. Mo mọ̀ pé bí mo bá dá nìkan wọ oko, n kò mọ abà náà, igbó kòkó á gbé mi mì.

Ìbínú ló gbé mi, kì í ṣe ọgbọ́n. Láti àná mi ò tíì fi nǹkan kan sẹ́nu, òórùn iyán sì wà níbẹ̀. Mo ní, “Ó dára. Bí ẹ kò bá ní gbọ́, ẹ fún mi ní oúnjẹ, n ó jẹun, n ó padà lọ bá aya mi.” Mo yọ ọmọrí odó, mo bu iyán tútù náà, mo kì í bọ ọbẹ̀ tó wà lórí ààrò, mo sì gbé e mì. Mo tún bu òmíràn. Ẹnì kan sọ pé, “Orí rẹ̀ ti dàrú.”

Yèyé gbé ojú sókè. Ó ń wo ọ̀fun mi. Mo bu ẹ̀kẹta, ó wò ó títí ó fi lọ sísàlẹ̀.

Ó ní, “Ẹ dákẹ́.” Wọn kò gbọ́. Ó na ọwọ́ sílẹ̀, ó dìde. “Mo ní ẹ dákẹ́! Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ṣé ẹ rí uyán tí ọkùnrin yìí gbé mì? Lọ́jọ́ tí ukú mú ọkọ mi, omi lásán kò gba ọ̀fun mi kọjá. Ọkọ tí aya rẹ̀ wà nílẹ̀, òkèlè á há a ni. Tirẹ̀ ń lọ geere.” Ó súnmọ́ mi, ó di àgbọ̀n mi mú. “Àna mi, ọmọ mi ń mí?”

Mo ní, “Yèyé, ó ń mí nígbà tí mo fi í sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ Jùlíọ̀sì ló kù.”

Kò tún béèrè nǹkan mìíràn. Gèlè tó ti tú, ó fi di ìdí, ó sì jáde níwájú gbogbo wa. Àpáta kan wà ní etí ìlú, ibẹ̀ ni àwọn ará ìgbàanì ti ń pe ara wọn láti oko dé oko, kí rédíò tó dé. Ẹnì kan á kígbe, olóko tó bá gbọ́ á dáwọ́ dúró, á gbé e fún olóko iwájú, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ. Òfin kan ló wà níbẹ̀: bí o bá ṣe gbọ́ ọ ni o ó ṣe gbé e, o kò gbọdọ̀ fi kún un, o kò sì gbọdọ̀ yọ níbẹ̀. Yèyé pe ọ̀dọ́mọkùnrin tí ohùn rẹ̀ ròkè jù, ọ̀kan lára àwọn ọmọ ilé. Ó ní, “Má sọ pé ara kò yá o! Ẹni bá sọ ọ́, n ó la ọmọrí odó mọ́ ọn. Sọ pé: Fẹlíṣíà wà láàyè, Jùlíọ̀sì, sáré wá sí ulé!”

Ó ké e. Ohùn rẹ̀ lọ lórí kòkó, ó parẹ́. A dúró. Ẹyẹ nìkan ló ń dún. Yèyé ní, “Tún un ké.” Ó tún un ké. A tún dúró, ojú mi wà lára oòrùn. Lẹ́yìn náà, láti òkèèrè, a gbọ́ ọkùnrin kan tó gbé e: “Fẹlíṣíà wà láàyè…” Ẹlòmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó jìnnà sí i. Ìkẹyìn rẹ̀ tín-ín-rín bí ohùn ẹ̀fọn. Lẹ́yìn èyí, ohun gbogbo dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn le ju gbogbo èyí tí mo ti gbọ́ láyé mi lọ. Ó pẹ́ kí ìdáhùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ láti ẹnu kan dé ẹnu kejì, títí ẹni tó súnmọ́ wa jù fi ké e pé, “Ó ti gbọ́! Ó ti ń sáré bọ̀!”

Jùlíọ̀sì jáde láti inú kòkó láìwọ bàtà, ìyẹ̀fun kòkó gbígbẹ kún irun rẹ̀. Kò kí mi, kò béèrè nǹkan. Ó fò sẹ́yìn alùpùpù, a lọ. Nígbà tí a dé odò, àwa méjèèjì gbé alùpùpù náà lérí ká tó kọjá. Oòrùn ti ń wọ̀ sẹ́yìn òkè nígbà tí a wọ Adó. Jùlíọ̀sì na apá fún wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, kí wọ́n tó tiẹ̀ fi ibùsùn hàn án.

Mo dúró síta. Mi ò lè wọlé. Kí ilẹ̀ tó ṣú tán, nọ́ọ̀sì kan yọjú, ó ní, “Ta ni ọkọ Fẹlíṣíà?” Mo ní èmi ni. Ó ní, “Ó ní ebi ń pa òun. Ó ní kí ẹ wá ẹ̀kọ gbígbóná fún òun.”

Ẹ gbọ́, wọ́n ti ka ìròyìn oríṣiríṣi lórí ẹ̀rọ mi, ìdìbò àti ìjọba tuntun, ẹni tó wọlé àti ẹni tó já. Kò sí èyí tó dùn tó èyí. Mo sáré wá ẹ̀kọ kiri Adó bí wèrè. Ìdí tí wọ́n fi sọ ìyá yín ní Rẹ̀mílẹ́kún nìyẹn, Yèyé ló sọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti sí ẹni tó ń sọ “ara kò yá” nínú ilé wa. Bí ènìyàn bá ń ṣàìsàn, a ó sọ irú àìsàn náà. Bí ẹnì kan bá sì pe ẹnì kan láti ọ̀nà jíjìn, tí ọkàn ẹni yẹn kò balẹ̀, yóò béèrè pé, “Ṣé o ti jẹun?” Ẹnu lè parọ́ láti inú ìfẹ́, ọ̀fun kò lè parọ́.

Ẹ̀rọ mi ti kúrò lórí òkè tipẹ́. Àwọn tó ń kó irin àlòkù ló gbé e lọ nígbẹ̀yìn. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni àpáta etí Igbemọ, pé bí ènìyàn bá dúró níbẹ̀ lónìí, tó kígbe orúkọ ẹnì kan, wọn ó ní orí rẹ̀ dàrú, kò sì ní sí olóko kan tí yóò gbé e.

Ẹ rántí ọdún tí wọ́n gbé ìyá yín àgbà lọ sí Ìbàdàn fún àyẹ̀wò. Ó ti dàgbà nígbà náà, Ọlọ́run ti fún wa ní ọdún púpọ̀ sí i lórí èyí tí Jùlíọ̀sì fún wa. Ìyá yín ló wà pẹ̀lú rẹ̀. Èmi wà lórí àga yìí, mò ń wo òkè, fóònù dún lówùúrọ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ kú àárọ̀.” Ohùn rẹ̀ dára, ó ń gbìyànjú. Ó ní, “Màmá ní kí n kí yín. Wọ́n ń sinmi.”

Mo ní, “Rẹ̀mí, ṣé o ti jẹun?”

Ó mọ ohun tí mò ń béèrè. Mo gbọ́ ọkọ̀ tó ń kọjá lójú títì lọ́hùn-ún. Ó lè parọ́ fún mi, ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ Yèyé ni.

Ó ní, “Bàbá, kò lọ. Mo gbìyànjú rẹ̀. Kò lọ lọ́fun mi.”